Ojú Òpó Tí Mo Tún Ṣe àti Ọwọ́ Ìyá Tí Mo Gé Kúrò

Láràárọ̀, kí n tó wẹ̀, kí n tó gbàdúrà pàápàá, mo máa ń ṣí kọ̀ǹpútà mi láti wò ó bóyá àwọn ẹni méjì kan ti jí. N kì í bá wọn sọ̀rọ̀, wọn kò sì mọ̀ pé mo ń ṣọ́ wọn. Bí mo bá ti rí àmì pé wọ́n ti wọlé, ọkàn mi á kọ́kọ́ fúyẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbànújẹ́ á wá jókòó tì mí bí àlejò tí kò mọ ilé rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún mọ́ mi, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń pariwo rẹ̀. Nǹkan kan wà ní ìkáwọ́ mi tí mo lè pa rẹ́ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Mo ti ṣèlérí fún àgbàlagbà kan pé n ó pa á rẹ́. Títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, n kò tí ì ṣe é. Ṣé ojora ni ó mú mi ni, àbí àánú? Èmi fúnra mi kò mọ̀.

Iṣẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó ni mo ń ṣe ní Bódìjà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní Dùgbẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, láyé ìgbà tí a ṣì ń fọ fọ́tò nínú òkùnkùn. Kíkọ Yorùbá sílẹ̀, n kò kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan. Ìwé ìròyìn àti Bíbélì ni mo fi kọ́ ara mi, mo sì máa ń to ọ̀rọ̀ mi bí mo ti ń to ẹbí ìyàwó àti ti ọkọ fún àwòrán, kí ẹnikẹ́ni má baà dí ẹlòmíràn lójú. Mo ní ojú òpó kan lórí ayélujára níbi tí ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ti lè wo iṣẹ́ ọwọ́ mi kí ó tó pè mí. Gbogbo ìgbéyàwó tí mo ti yà ni mo kó síbẹ̀, èyí tí oòrùn ràn sí dáadáa àti èyí tí òjò bà jẹ́, nítorí lójú mi, kò tọ́ kí n yọ ọmọ ènìyàn kan sílẹ̀ nínú ayọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé tí wọ́n gbé kámẹ́rà lánàá, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n wá ẹni tí yóò bá mi tún ojú òpó náà ṣe.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ni orúkọ ọmọbìnrin tí wọ́n júwe fún mi. Ó ń gbé ní Agbowó, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kíkọ́ ojú òpó fún àwọn oníṣòwò. Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ṣí ojú òpó mi lórí fóònù rẹ̀, ó gbé fóònù náà kalẹ̀ lórí tábìlì, ó jáde, ó ra ẹ̀pà, ó padà wọlé, àwòrán àkọ́kọ́ kò tí ì yọjú tán. Ó fi ẹ̀pà lọ̀ mí. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ojú òpó kọ́ lẹ kọ́ yìí, àjà ilé ni. Ta ló fẹ́ jókòó kó máa sun dátà rẹ̀ sórí àjà yín?” Mo ní gbogbo àwọn tí ó rí níbẹ̀ ni wọ́n fi ọjọ́ ayọ̀ wọn lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ ṣeun. Ẹ fi ayọ̀ wọn pamọ́ sínú ilé. Ẹni tó ń wá ayafọ́tò ò wá kí gbogbo ẹbí.” Inú bí mi, àmọ́ ẹ̀rín ni ó pa mí. A jọ ṣiṣẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó dín ìwúwo àwọn àwòrán náà kù kí wọ́n lè tètè ṣí. Ó kó àwọn tí kò tayọ kúrò nílẹ̀. Ó ṣí àyè kan sílẹ̀ tí àlejò lè fi kọ̀wé sí mi. Ó sì ní kí n yan àwòrán kan ṣoṣo tí yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí yóò di àlejò lọ́wọ́ mú kí ó má baà lọ.

N kò ronú jìnnà kí n tó yan ti Ìbùkún. Ọmọ àwọn Aládùúrà kan ní Ring Road ni, èmi ni mo sì ya ìgbéyàwó rẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ni àwòrán náà. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń so iyùn mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n ń kánjú, okùn náà kò sì fẹ́ wọ ojú ihò. Télọ̀ ni ìyá yìí, àwọn fúnra wọn ni wọ́n rán aṣọ ìyàwó ọmọ wọn. Ìka ìfábẹ̀lá wọn kan, abẹ́rẹ́ máṣíìnì ti gún un rí, èékánná rẹ̀ dúdú títí di òní. Ìbùkún rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmi, ẹ rọra, mi ò ní sá lọ.” Ibi ẹ̀rín náà ni mo ká a mọ́. Mo tún gba ohùn rẹ̀ àti ẹ̀rín náà sínú fídíò kékeré kan tí ó máa ń ṣeré bí ènìyàn bá fi ọwọ́ tẹ àwòrán náà. Nígbà tí Mọ́rẹ́nikẹ́ rí i, ó gbé ojú sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, “Ọwọ́ ta wá nìyí?” Mo ní ọwọ́ ìyá ìyàwó ni. Ó ní, “Ẹ gé e. Èékánná dúdú yẹn ń fa ojú ènìyàn kúrò lára ìyàwó.” Mo wò ó, mo rí i pé òótọ́ ni ó sọ nípa iṣẹ́. Mo gé àwòrán náà ní ọrùn, mo gé fídíò náà bákan náà. Ó ku iyùn, ó ku ẹ̀rín. Ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn ọmọ náà rí.

Ojú òpó tuntun náà dùn ún wò, kí n má purọ́. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láti Challenge, láti Òjóò, wọ́n á ní, “Ṣé ẹ̀yin lẹ ya ìyàwó ẹlẹ́rìn-ín yẹn?” Mọ́rẹ́nikẹ́ fi hàn mí bí ojú òpó ti ń ka àlejò rẹ̀: kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ń sọ ìlú tí àlejò ti wá, irú fóònù tí ó lò, ìgbà tí ó wọlé àti ìgbà tí ó jáde. Ibẹ̀ ni a ti ṣàkíyèsí àlejò kan ní Ìbàdàn níhìn-ín tí ó máa ń wọlé ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí kì í wo nǹkan mìíràn àfi Ìbùkún. Ó ti ń wá tipẹ́ kí a tó tún ibẹ̀ ṣe. Èmi ni n kò mọ bí a ti ń wò ó. Mọ́rẹ́nikẹ́ sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. “Ọ̀gá, oníbàárà yín ti jí o. Ó ti ń dúró dúnàádúrà láti ìdájí.” Lẹ́yìn tí a gé àwòrán náà, ìwé kan wọlé láti inú àyè tí a ṣí fún àlejò. Kò ní orúkọ. Ohun tí a kọ síbẹ̀ kò ju pé: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọwọ́ náà padà sí ibi tó wà.” A kà á, a tún un kà. Mọ́rẹ́nikẹ́ ní, “Ọwọ́ wo? Ẹni tó ń bá yín du iṣẹ́ lèyí, ó fẹ́ kẹ́ ẹ ba nǹkan dáadáa jẹ́.” A rẹ́rìn-ín, n kò sì fèsì. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ǹjẹ́ ẹ ti rẹ́rìn-ín rí, tí ẹ̀rín náà wá padà di ẹ̀gún sí yín lọ́fun?

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni bàbá Ìbùkún wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi. Alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ wọn. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ó ń wọ ilé àdúrà. Mo dọ̀bálẹ̀, inú mi dùn, mo ní, “Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá Ìbùkún! Ẹ wá wo ọmọ yín bó ti di olórí gbogbo ìyàwó níbí.” Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn. Alàgbà gbé ojú wọn sí ògiri. Wọ́n ní, “Wọn kì í pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàbá Tólú ni kí o máa pè mí.” Tólú ni àbúrò Ìbùkún. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi, mo sì yí ojú kọ̀ǹpútà náà padà. Wọ́n sọ fún mi pé ní ọdún tí ó kọjá, ibà kan tí gbogbo ilé rò pé kò ní nǹkan nínú ni ó mú ọmọ náà lọ. Ọkọ rẹ̀ ti kó lọ sí Àbújá, kò lè gbé ilé náà mọ́. “Òkú ọ̀fọ̀ ni,” Alàgbà wí. “O mọ bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa. Òbí kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀. Àwọn ẹbí ló lọ sin ín, èmi àti ìyá rẹ̀ ò dé ibẹ̀. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀ lọ, wọ́n kó fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri, wọ́n pa èyí tó wà nínú fóònù rẹ́. Ìyá rẹ̀ ò jẹ, kò mu, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e dé ọsibítù. Ìgbà tí a kó gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀ tán ló tó dìde jókòó. Àná ni ọmọ ìjọ wa kan tó ń wá ayafọ́tò fún ìgbéyàwó rẹ̀ wá sọ pé òun rí Ìbùkún tó ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́. Kí ìyá rẹ̀ má rí i.”

Mo bẹ̀ wọ́n, mo bá wọn kẹ́dùn, mo sì ṣèlérí. Ẹsẹ̀ wọn kò tí ì kúrò ní àdúgbò tí mo ti yọ àwòrán náà àti fídíò rẹ̀ kúrò, tí mo sì fi ti ìyàwó mìíràn sí ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé mo ti ṣe ohun tí ó tọ́, mo sì sùn dáadáa. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, fóònù mi dún. Ohùn obìnrin ni, ó rọlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú pé mo tètè pè. Mo wá ọmọ mi lọ sí ilé yín, mi ò bá a níbẹ̀.” N kò tí ì jí dáadáa, ẹnu mi ni ó ṣáájú ọgbọ́n mi. Mo ní, “Màmá Ìbùkún?” Wọ́n ní, “Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun.”

Màmá wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ náà gan-an. Wọ́n sọ fún àwọn ará ilé pé àwọn ń lọ ra òwú ni. Wọn kò sunkún, ìyẹn ni ó tilẹ̀ le jù. Wọ́n ní òótọ́ ni pé àwọn ẹbí kó gbogbo nǹkan kúrò lójú àwọn, àwọn sì mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. “Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ọmọ ẹni kú ó sàn ju kó sọnù lọ. Ọmọ tèmi kú, wọ́n tún wá sọ ọ́ nù. Ọ̀dọ̀ yín nìkan ni mo ti ń rí i. Màá jí, màá fi gèlè bo orí àti fóònù, màá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, màá wá lọ gbálẹ̀.” Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn. “Ẹ gé ọwọ́ mi kúrò, mo kọ̀wé sí yín, ẹ ò dáhùn. Mo ní kò burú, ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀. Ní báyìí, ẹ wá mú òun náà lọ.” Mọ́rẹ́nikẹ́ wà nínú ṣọ́ọ̀bù ní wákàtí yẹn. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá yìí. Èmi náà ń wo èékánná dúdú tí mo fi ìka ara mi gé dànù pé ó ń ba àwòrán jẹ́.

Mo ṣe ohun tí n kò mọ̀ títí di òní bóyá rere ni. Mo ní kí Mọ́rẹ́nikẹ́ bá mi kọ́ ojú ewé kan tí kò ní ẹnu ọ̀nà, tí àlejò kankan kò lè bá pàdé, àfi ẹni tí ó bá ní àdírẹ́sì rẹ̀. Mo fi odindi àwòrán náà sí i bí mo ti yà á, pẹ̀lú ọwọ́, pẹ̀lú èékánná. Mo fi odindi fídíò náà sí i. Màmá nìkan ni mo fún ní àdírẹ́sì náà. Mo sọ fún ara mi pé mo ti pa àdéhùn mọ́ fún Alàgbà nítorí kò sí lójú ayé mọ́, mo sì ti ṣàánú ìyá nítorí ó ń rí ọmọ rẹ̀. Ṣé ẹ kò rí i bí ènìyàn ti ń fi ọgbọ́n tan ara rẹ̀ jẹ? Láràárọ̀, mo ń rí fóònù Màmá tí ó ń wọlé. Kì í ṣe ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbọ́ fídíò náà mọ́. Ọwọ́ wọn ti wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n sì ń dúró pẹ́ sí i lójoojúmọ́, títí ó fi di pé oòrùn á yọ bá wọn níbẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ ní, “Ọ̀gá, ó ti ń pọ̀ jù o.” Mo rí i. N kò ṣe nǹkan kan.

Lẹ́yìn èyí ni Alàgbà tún wá. Wọn kò bínú, ìbá sàn bí wọ́n bá bínú. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ fún mi pé Màmá ti wà ní ọsibítù ní Jericho, ẹ̀jẹ̀ ríru náà ti padà, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ṣàkíyèsí pé òwúrọ̀ ni ó máa ń lọ sókè jù, lẹ́yìn tí Màmá bá ti wo ìyàwó kan tó ń rẹ́rìn-ín nínú fóònù wọn. “Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó yíjú sí ògiri, kò jẹun, kò gba oògùn. Mo dá a padà fún un. Mi ò lè ṣe é, ọmọ mi. Ìwọ ló lè ṣe é. Kó dà bí ẹni pé ó kàn lọ fúnra rẹ̀, kí wọ́n má rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.” Mo ní, “Mo gbọ́ sà.” Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn rí ohun tí wọ́n ní kí n pa rẹ́. Mo ṣí i. Wọn kò tí ì fi ojú kan ọmọ náà láti ọjọ́ ikú rẹ̀. Mo tẹ fídíò náà. “Màmi, ẹ rọra, mi ò ní sá lọ.” Alàgbà di ọwọ́ àga mú. Omi bọ́ lójú wọn sí irùngbọ̀n, wọn kò nù ún. Wọ́n ní, “Ṣé o rí i? Bí èmi ọkùnrin bá lè rí báyìí, òun ńkọ́? Pa á rẹ́.” Wọ́n dìde láti máa lọ, wọ́n sì padà láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n kọ àdírẹ́sì náà sínú ìwé fún àwọn, kí àwọn lè máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá mo ti ṣe é. Mo wo fóònù wọn, ti onítẹ̀ kékeré ni, tí wọ́n fi rọ́bà so lẹ́yìn, tí kò lè ṣí ojú òpó kankan. Mo kọ ọ́ fún wọn.

Mo fẹ́ pa á rẹ́ ní ọjọ́ náà. Mo ní kí n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo rí fóònù méjì. Èkíní ni èyí tí a ti mọ̀, tí Màmá gbé sórí ibùsùn ní Jericho. Èkejì jẹ́ fóònù tuntun tí kò wọ ibẹ̀ rí, kò sì sí ẹlòmíràn láyé yìí tí mo kọ àdírẹ́sì náà fún lẹ́yìn Màmá àfi Alàgbà. Ó wọlé, ó gbọ́ fídíò náà, ó tún un gbọ́. Láti ìgbà náà, kò sí àárọ̀ kan tí kò wá. Lójú inú mi, èkíní ń wọlé ní ọsibítù, èkejì ń wọlé ní Ring Road, ní àkókò kan náà, wọ́n ń wo ọmọ kan náà, olúkúlùkù rò pé òun nìkan ni. Alàgbà sì kò pè mí rí láti bi mí pé èé ṣe tí n kò tí ì pa á rẹ́.

Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Bí mo bá pa á rẹ́, mo ti mú ìlérí mi ṣẹ, bóyá ẹ̀mí ìyá yìí á sì dúró. Bóyá òwúrọ̀ tí kò bá rí i ni kò ní fẹ́ dìde mọ́. Bí mo bá fi í sílẹ̀, tí nǹkan bá ṣe Màmá lórí ibùsùn yẹn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ta ni n ó wí fún pé àánú ni mo ṣe? Alàgbà ńkọ́, tí wọ́n fi ẹnu wọn sọ pé kí n pa á rẹ́, tí wọ́n sì ń jí wá síbẹ̀ láràárọ̀? Ọ̀rọ̀ wọn ni kí n gbọ́ ni, àbí dídákẹ́ wọn? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ọmọ rí, ẹ̀yin tí wọ́n ti kó fọ́tò kúrò lára ògiri yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́. Ní òwúrọ̀ yìí, mo gbọ́ pé nọ́ọ̀sì ti gba fóònù Màmá kí ilẹ̀ tó mọ́ kí wọ́n lè sinmi. Fóònù kan ṣoṣo ni ó wọlé, ti Ring Road. Kò jáde títí oòrùn fi là.